Bí Ogún Obìnrin Ṣe Lè Jùmọ̀ Ní Ẹ̀rọ Ìrin-ẹ̀gẹ́ Kan: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Àwọn Tí Ń Yan Gàrí

Ìbéèrè kan náà ni àwọn tí ń yan gàrí máa ń bi mí ní gbogbo ibi tí mo bá ti lọ ṣàyẹ̀wò ìwé ẹgbẹ́: “Ogún ni wá, ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí a má sanwó fún ẹlẹ́rọ. Ṣé a kò lè jùmọ̀ ra tiwa, kí ó má sì di ìjà?” Ó ṣeé ṣe, mo sì ti rí ibi tí ó ti ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí mo ti rí tí ó dípẹtà lẹ́yìn ilé pọ̀ ju èyí tí mo rí tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ, ohun tí ó sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Kò sí owó àtúnṣe nílẹ̀ nígbà tí nǹkan bàjẹ́, tàbí kí owó wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má lè sọ iye tí ó yẹ kí ó jẹ́.

Alájẹṣẹ́kù ni ẹni tí ó jẹ, tí ó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù. Orúkọ yìí ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ rọ̀ mọ́. Ẹ pinnu iye tí ẹ ó máa jẹ àti iye tí ẹ ó máa ṣẹ́ kù, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí owó ẹ̀rọ tó pé.

Èésú, àjọ àti àárò yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù

Nínú èésú, owó tí a dá ni ẹnì kan yóò kó lọ, títí yóò fi kárí. Kò sí ohun tí ó kù tí a lè pè ní ti gbogbo wa. Nínú àjọ, owó kálukú ni alájọ ń bá a tọ́jú, tí ó sì ń mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Àárò ní tirẹ̀, iṣẹ́ ni a fi ń yá ara wa. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí a ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba nìkan ni ó lè fi orúkọ ara rẹ̀ ní ẹ̀rọ, ní ilẹ̀, ní àkáǹtì ní báńkì, tí ó sì lè pe ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè lẹ́jọ́. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí ẹ pa àárò tì. A óò padà sí i ní ìgbésẹ̀ keje, nítorí òun gan-an ni ó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ náà wúlò fún ẹni tí kò ní owó láti gba alágbàṣe.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo èyí

- Ṣé ẹ tó 10 ó kéré tán? Iye yìí ni Òfin Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Nàìjíríà ti ọdún 1993 béèrè fún ẹgbẹ́ kéékèèké.
- Ṣé ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ń yan gàrí?
- Ṣé ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà jù lọ lè ti ọmọlanke ẹ̀gẹ́ rẹ̀ dé ibi ẹ̀rọ láìsanwó ọkọ̀?
- Ṣé ẹni méjì, ó kéré tán, wà láàárín yín tí ó lè kọ̀wé kí ó sì ṣírò owó?

Bí ìdáhùn sí ìbéèrè kejì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ dúró ná. Ẹgbẹ́ tí àwọn tí kò ń lo ẹ̀rọ pọ̀ nínú rẹ̀ yóò máa wá èrè orí owó, nígbà tí àwọn tí ń lò ó yóò máa fẹ́ kí owó ìrin wálẹ̀. Ìjà ni ó ń gbẹ̀yìn irú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ yan àwọn tí yóò wà nínú ẹgbẹ́

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí ẹ jọ ń lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọn tí a sábà máa ń gbàgbé, ìyẹn àwọn tí ń bó ẹ̀gẹ́ gba owó, àwọn tí ń bá ni yan gàrí nídìí agbada, àwọn opó tí kò ní oko, àti àwọn tí wọ́n ti ìlú mìíràn wá bá wa ṣiṣẹ́. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n mọ iṣẹ́ náà jù, wọn kò kàn ní owó tí wọn yóò kó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni. Ẹ jẹ́ kí owó ìwọlé kéré, kí ṣíà, ìyẹn ìpín tí kálukú rà nínú ẹgbẹ́, sì ṣeé san díẹ̀díẹ̀. Bí ṣíà bá ti wọ́n jù, ẹgbẹ́ yóò di ti àwọn ìyá olówó márùn-ún àti àwọn alágbàṣe wọn, kò sì ní yàtọ̀ sí ẹlẹ́rọ tí ẹ ń sá fún.

Òfin kò gbà kí ọmọ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ní ju ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ṣíà lọ. Ìbò kan ṣoṣo sì ni ẹni kọ̀ọ̀kan ní, ì báà jẹ́ ṣíà kan ni ó ní, ì báà jẹ́ mẹ́wàá.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kọ ìwé òfin ẹgbẹ́ nígbà tí kò tíì sí owó nílẹ̀

Ó rọrùn láti gbà pé kí a ta ẹni tí ó bá jẹ gbèsè ní owó ìtanràn nígbà tí kò tíì sí ẹni tí ó jẹ gbèsè. Ẹ pe ìpàdé méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ sì kọ ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ní èdè Yorùbá tí gbogbo yín gbọ́, kí ẹnì kan sì kà á sókè kí ẹ tó tẹ̀ka:

1. Èló ni ṣíà kan, èló sì ni owó ìfipamọ́ ọ̀sẹ̀?
2. Kí ni a óò ṣe fún ẹni tí kò san fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin?
3. Èló ni ọmọ ẹgbẹ́ yóò máa san lórí àpò ẹ̀gẹ́ kan, èló sì ni ẹni ìta yóò san?
4. Ìdá mélòó nínú owó tí ó bá wọlé ni a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn àfi fún àtúnṣe ẹ̀rọ?
5. Ọdún mélòó ni ààrẹ, akọ̀wé àti akápò yóò lò nípò?
6. Báwo ni a óò ṣe dá owó padà fún ẹni tí ó bá fẹ́ kúrò, tàbí fún ẹbí ẹni tí ó bá kú?

Ẹ má ṣe gbé ìwé òfin ẹgbẹ́ mìíràn kí ẹ kàn yí orúkọ rẹ̀ padà. Mo ti rí ẹgbẹ́ ẹlẹ́gàrí tí ìwé òfin rẹ̀ ń sọ nípa yíyọ owó lára owó oṣù òṣìṣẹ́, nítorí pé ọwọ́ ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ni wọ́n ti gbà á.

Bí àwọn Mùsùlùmí tí kò fẹ́ èlé bá wà láàárín yín, ẹ yanjú rẹ̀ níbí yìí. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí kò gba èlé pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá; owó iṣẹ́ àti owó ìrin ni ẹ óò fi gbé ẹgbẹ́ ró dípò èlé.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ fi owó pamọ́ fún oṣù mẹ́fà

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣírò. Ká ní iye tí ẹ ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ, tí ẹ fi kún owó ẹ́ńjìnnì, jáàkì ìfún-ẹ̀gẹ́, páànù àtíbàbà àti ìforúkọsílẹ̀, jẹ́ ₦1,200,000. Bí ẹni 20 bá ń san ₦2,500 lọ́sẹ̀, ₦50,000 ni yóò máa wọlé lọ́sẹ̀, owó náà yóò sì pé ní ọ̀sẹ̀ 24. Ẹ fi iye tòótọ́ tí ó wà ní àdúgbò yín rọ́pò èyí, nítorí pé owó irin kì í dúró sójú kan.

Oṣù mẹ́fà yìí ṣe pàtàkì ju owó inú rẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ ni ẹ ó ti mọ ẹni tí ń sanwó lásìkò àti ẹni tí ó ní láti sọ ìtàn ní gbogbo ìpàdé. Ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ nítorí pé a gbọ́ pé ìjọba fẹ́ pín owó kì í sábà pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pín in. Ẹ kó tiyín jọ ná. Bí ìrànlọ́wọ́ bá dé, kí ó bá yín lórí iṣẹ́.

Kí owó náà má sùn nílé akápò. Ní ọjọ́ ìpàdé gan-an ni kí ẹni méjì jọ gbé e lọ sí báńkì, kí ìwé ẹ̀rí sì dé ìpàdé tí ó tẹ̀lé e.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ forúkọ sílẹ̀ níbi tí ó yẹ

Àwọn kan ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn pé àwọn yóò bá wọn forúkọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ kọ́ ni. Olùdarí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ìjọba ìpínlẹ̀ yín ni ó ń fún ẹgbẹ́ ní ìwé ẹ̀rí, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì sábà máa ń wà ní ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ lọ bá wọn nígbà tí ẹ bá ti ń fi owó pamọ́, kí wọ́n lè wá sí ìpàdé yín, kí wọ́n wo ìwé yín, kí wọ́n sì sọ iye owó àti àwọn ìwé tí ìpínlẹ̀ yín béèrè, nítorí pé kì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo.

Lẹ́yìn tí ìwé ẹ̀rí bá dé, ẹ fi orúkọ ẹgbẹ́ ṣí àkáǹtì. Ẹ jẹ́ kí ẹni mẹ́ta wà tí wọ́n lè fọwọ́ sí ìwé, kí báńkì má sì san owó láìjẹ́ pé méjì nínú wọn fọwọ́ sí i. Tọkọtaya tàbí ìyá àti ọmọ kò gbọdọ̀ jọ wà nínú àwọn mẹ́ta náà.

Ìgbésẹ̀ 5: Ilẹ̀ kí ó tó kan ẹ̀rọ

Ẹ má ṣe gbé ẹ̀rọ sí àgbàlá ààrẹ. Kì í ṣe pé ààrẹ burú, ṣùgbọ́n ọdún méjì kò ní pé tí àwọn ará àdúgbò yóò fi máa pè é ní “ẹ̀rọ ìyá báyìí”, tí àwọn ọmọ rẹ̀ náà yóò sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bá ẹbí kan tàbí baálẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ gba ibi kan fún iye ọdún tí ẹ mọ̀, ẹ kọ ìwé àdéhùn, kí àwọn àgbà ẹbí tẹ̀ka, kí ẹlẹ́rìí sì wà.

Májèlé wà nínú omi tí ń jáde lára ẹ̀gẹ́ tí a bá fún. Koríko kì í hù níbi tí ó bá dúró sí, ewúrẹ́ tí ó bá sì mu ún lè kú. Nítorí náà:

- ẹ jìnnà sí kànga àti odò;
- ẹ gbẹ́ kòtò tí omi náà yóò máa wọ̀, kí ẹ sì fi nǹkan dí i kí ẹran má lè débẹ̀;
- ẹ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kí èéfín agbada má bàa wọ ilé ẹlòmíràn.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ ra ẹ̀rọ tí ẹni àdúgbò yín lè tún ṣe

Ẹ béèrè iye lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta tí ń ṣe ẹ̀rọ, kí ẹ sì lọ wo èyí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ti ṣe tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún kan. Ẹ má sanwó tán kí ẹ tó fi ẹ̀gẹ́ tiyín dán an wò.

Ohun tí ó ń kọ́kọ́ kú lára ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ ni páànù tí a dá lu tí ó yí ohun róbótó tí ń yí nínú rẹ̀ ká. Eyín páànù náà ń kújú díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gẹ́ á wá máa jáde ní wóró-wóró dípò kí ó kúnná, ẹ́ńjìnnì á sì máa jẹ epo púpọ̀ sí i. Ẹgbẹ́ kan tí mo ṣe akọ̀wé rẹ̀ mọ̀ pé ó ti tó àkókò láti pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n a ti fi owó àtúnṣe ra aṣọ òkú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ẹ̀rọ dúró. Ìyá kan ti kó àpò ẹ̀gẹ́ méje dé láti oko. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ Ẹtì, tí a ṣẹ́ ọ̀kan sí méjì, ìlà dúdú bí aró ti sá kiri inú rẹ̀. Ìyá náà kò bínú sókè. Ó kó àpò rẹ̀ padà sórí ọmọlanke, kò sì wá sípàdé mọ́.

Ọjọ́ tí ẹ bá ra ẹ̀rọ, ẹ ra páànù kejì, bẹ́ẹ̀tì kejì àti bíárìn méjì (irin róbótó tí ọ̀pá ẹ̀rọ ń yí nínú rẹ̀), kí ẹ fi wọ́n pamọ́. Ẹ bo bẹ́ẹ̀tì tí ń yí lára ẹ̀rọ lójú, kí ìró tàbí gèlè má bàa há sí i, igi ni kí ẹ sì fi máa ti ẹ̀gẹ́ wọnú ẹ̀rọ, kì í ṣe ọwọ́.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ to ìlà kí ẹnikẹ́ni tó fa ẹ̀gẹ́ tu

Ẹ̀gẹ́ tí a ti fà tu kì í dúró ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ. Nítorí náà, orí ìlà ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí owó. Ẹ pín ọ̀sẹ̀ fún ọ̀wọ́ mẹ́rin, márùn-ún márùn-ún. Ọ̀wọ́ tí ó bá kan ni yóò lọ fa ẹ̀gẹ́ tu ní ọjọ́ tí ó ṣáájú. Ẹ fi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún ẹni ìta, kí ẹ sì fi ọjọ́ kan sinmi ẹ́ńjìnnì.

Ibi yìí ni àárò ti wọlé. Àwọn márùn-ún inú ọ̀wọ́ kan ni kí wọ́n jọ máa bó ẹ̀gẹ́ ara wọn, kí wọ́n bó ti ẹnì kan tán kí wọ́n tó bọ́ sí ti ẹlòmíràn. Obìnrin tí kò ní oko lè fi ìbó ṣe ìpín tirẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ san án fún un, kí òun náà lè ní gàrí tí yóò gbé lọ sọ́jà. Ní tèmi, èyí ni ó ń sọ ẹgbẹ́ di ti gbogbo ènìyàn ju ohunkóhun tí a kọ sínú ìwé lọ.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ gba ẹnì kan tí yóò máa wa ẹ̀rọ, kí ẹlòmíràn sì máa kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹni tí ń wa ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí ń gba owó. Ẹ san owó rẹ̀ lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ tíkẹ́ẹ̀tì oríṣi méjì, pupa fún ọmọ ẹgbẹ́, funfun fún ẹni ìta, kí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti sanwó ni yóò gba tíkẹ́ẹ̀tì; ẹni tí ń wa ẹ̀rọ yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì jù ú sínú agolo. Ní ìrọ̀lẹ́, a óò ka ti inú agolo, a ó sì fi wé owó tí ó wọlé. Ẹni tí kò mọ̀wé náà lè rí i pé pupa jẹ́ mélòó, funfun sì jẹ́ mélòó. Kí akọ̀wé ya fọ́tò ojú ìwé ọ̀sẹ̀ náà sórí WhatsApp ẹgbẹ́, kí ó sì kà á sókè nípàdé fún àwọn tí kò ní fóònù bẹ́ẹ̀.

Ká ní àpò 60 ni ẹ rin lọ́sẹ̀, 40 jẹ́ ti ọmọ ẹgbẹ́ ní ₦500, 20 jẹ́ ti ẹni ìta ní ₦700. ₦20,000 àti ₦14,000 jẹ́ ₦34,000. Bí epo àti owó ẹni tí ń wa ẹ̀rọ bá jẹ́ ₦19,000, ₦15,000 ni ó kù. Ẹ gbé ₦5,000 lọ sí owó àtúnṣe lọ́jọ́ náà gan-an, kí ₦10,000 wọ àkáǹtì ẹgbẹ́. Bí owó epo bá wọ́n, ẹ gbé owó ìrin sókè. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan owó àtúnṣe. Òkú, ìkómọ àti ìgbéyàwó ní àpò tiwọn, tí a óò dá lọ́tọ̀.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ pín èrè lọ́dọọdún

Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 50, ₦500,000 ni yóò wà nílẹ̀ yàtọ̀ sí owó àtúnṣe. Kí ẹni tí kì í ṣe olóyè ẹgbẹ́ yẹ ìwé wò ná, lẹ́yìn náà ni kí ẹ pe ìpàdé gbogboogbò. Bí mo ṣe máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn láti pín in nìyí:

- ìdá kan nínú mẹ́rin, ₦125,000, kí ó wọ owó ìpamọ́ ẹgbẹ́, tí a kì í pín;
- ₦25,000 fún ẹ̀kọ́, bí àpẹẹrẹ láti rán akọ̀wé àti akápò lọ kọ́ bí a ṣe ń kọ ìwé owó. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà ní Ìbàdàn, ní Ẹlẹ́yẹlé;
- ₦100,000 lórí ṣíà; bí ṣíà gbogbo yín bá dọ́gba, ₦5,000 kan ẹnì kan;
- ₦250,000 padà sọ́dọ̀ àwọn tí ó lo ẹ̀rọ, gẹ́gẹ́ bí àpò tí kálukú rin.

Àpò ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ 2,000 lọ́dún, nítorí náà ₦125 ni yóò padà lórí àpò kan. Ẹni tí ó rin àpò 150 yóò gba ₦18,750 pẹ̀lú ₦5,000 ṣíà rẹ̀. Ẹni tí ó rin 60 yóò gba ₦7,500 pẹ̀lú ₦5,000. Ẹ má ṣe pín gbogbo rẹ̀ lọ́gbọọgba. Ẹni tí ó ń lo ẹ̀rọ jù ni ó ń sanwó jù, bí kò bá sì rí i padà, yóò lọ ra tirẹ̀.

Àṣìṣe tí mo ń rí léraléra

Wọ́n ń yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó láti inú owó ẹ̀rọ ní ọdún àkọ́kọ́. Wọ́n ń jẹ́ kí ọmọ olóyè wa ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́, tí kò sì sí ẹni tí ó lè bá a wí. Wọ́n ń ra ẹ̀rọ ńlá nígbà tí ẹ̀gẹ́ àdúgbò wọn kò tó èyí tí ẹ̀rọ kékeré yóò rin ní ọjọ́ mẹ́ta. Èyí tí ó sì burú jù ni pé ààrẹ kan náà ń wà nípò fún ọdún mẹ́wàá, nítorí pé “kò sí ẹni tí ó lè ṣe é bí i tirẹ̀”.

Bí owó kò bá tó láti ra ẹ̀rọ

- Ẹ bá ẹlẹ́rọ tí ó wà nílẹ̀ ṣe àdéhùn: kí ogún yín máa gbé ẹ̀gẹ́ wá sọ́dọ̀ rẹ̀ nìkan, kí ó sì dín owó àpò kù fún yín.
- Ẹ jùmọ̀ ra jáàkì ìfún-ẹ̀gẹ́ àti agbada ná. Owó rẹ̀ kò tó ti ẹ̀rọ, ẹ ó sì fi kọ́ bí a ṣe ń lo ohun àjọní.
- Ẹ jọ gba ọkọ̀ kan lọ sí ọjà ìlú ńlá ní ọjọ́ ọjà, kí ẹni tí ó mọ ọjà jù bá gbogbo yín ná owó gàrí. Níbi kan tí mo mọ̀, èyí nìkan ni wọ́n ṣe fún ọdún kan, èrè rẹ̀ ni wọ́n sì fi ra ẹ̀rọ.

Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá fẹ́ kúrò, tàbí tí ó bá kú

Ẹni tí ó bá fẹ́ kúrò yóò kọ̀wé ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, ẹgbẹ́ yóò sì dá owó ìfipamọ́ àti ṣíà rẹ̀ padà lẹ́yìn tí a bá ti yọ gbèsè tí ó jẹ. Kò lè mú ìdá kan lára ẹ̀rọ lọ, kò sì lè ta ṣíà rẹ̀ fún ẹni tí ẹgbẹ́ kò gbà.

Ní ọjọ́ tí ẹnì kan bá wọ ẹgbẹ́ ni kí ẹ béèrè orúkọ ẹni tí owó rẹ̀ yóò kàn bí ó bá kú, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó sì tẹ̀ka sí i lójú ẹlẹ́rìí méjì. Ẹ máa bi í lọ́dọọdún bóyá ó fẹ́ yí i padà. Bí ó bá kú, akọ̀wé àti akápò ni kí wọ́n jọ gbé owó náà lọ bá ẹni tí ó dárúkọ, pẹ̀lú ìwé owó rẹ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n kà á fún un láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ títí dé ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn, kí onítọ̀hún sì fọwọ́ sí i pé òun ti gbà á.